Ìbò 63: Bí Humza Yousaf ṣe pàdánù Bute House láàárín ọjọ́ márùn-ún

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 2024, ìbò 70 ni Humza Yousaf, olórí ìjọba Skọ́tlándì nígbà náà, lè fọkàn sí nínú ilé aṣòfin ibẹ̀. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó dé àtàrí, ó ti ku 63. Ọ̀tá kọ́ ló gba méje yòókù lọ́wọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pe àwọn tó ni ìbò náà wá sí Bute House, ilé ìjọba tó ń gbé ní Edinburgh, tó sì sọ fún wọn ní kùtùkùtù pé àjọṣe ti parí. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, inú ilé kan náà ló dúró sí, tó kéde pé òun fipò sílẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ ni pé ó ṣe àṣìṣe nígbà tó lé ẹgbẹ́ Greens, àwọn tó ń jà fún àyíká tí wọ́n sì ni ìbò méje náà, jáde nínú ìjọba. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ó ní ìdí tó fi lè lé wọn, àwọn tó sì ń rọ̀ ọ́ pé kó lé wọn kò kéré nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ibi tó ti ṣìnà ni pé ó sọ̀rọ̀ tán kó tó ka ìbò, àti pé ìbò kan ṣoṣo tó lè gbà á là wà lọ́wọ́ ẹni tí òun ti fẹnu tẹ́ńbẹ́lú ní oṣù mẹ́fà ṣáájú. Bí ọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ọmọ Glasgow ni Yousaf, wọ́n bí i ní 1985. Bàbá rẹ̀ wá láti ìlú Mian Channu ní Pakistan ní àwọn ọdún 1960, ó sì di oníṣirò owó. Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀, Kẹ́ńyà ni wọ́n bí i sí, nínú ìdílé tó ṣẹ̀ wá láti Punjab. Ilé ẹ̀kọ́ Hutchesons' Grammar ló lọ, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tí òbí ń sanwó rẹ̀ gan-an. Ibẹ̀ náà ni Anas Sarwar ti kàwé, ẹni tó wá di olórí ẹgbẹ́ Labour ní Skọ́tlándì, tí àwọn méjèèjì sì ń na ìka síra wọn nínú ilé aṣòfin nígbà tó yá. Lẹ́yìn tí Yousaf ka ìmọ̀ òṣèlú tán ní Yunifásítì Glasgow, ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Bashir Ahmad, ẹni àkọ́kọ́ láti ìran Éṣíà tó wọ ilé aṣòfin náà, ó sì ṣiṣẹ́ fún Alex Salmond àti Nicola Sturgeon, àwọn méjì tó ṣe olórí ìjọba Skọ́tlándì ṣáájú rẹ̀. Ní 2011 òun fúnra rẹ̀ di aṣòfin, ó búra ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Urdu. Ọmọ ọdún 26 ni. Ọdún kejì ló di mínísítà, kò sì kúrò nínú ìjọba mọ́ láti ìgbà náà: ètò ìrìnnà ní 2016, ètò ìdájọ́ ní 2018, ètò ìlera ní 2021.

Ọmọ ilé ni, inú ẹgbẹ́ SNP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún òmìnira Skọ́tlándì, ni wọ́n ti tọ́ ọ. Ọ̀nà tó gbà dókè mọ́, kò ní ìdíwọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí kì í kọ́ ènìyàn. Ìbò máa ń wà nílẹ̀ fún ẹgbẹ́ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Sturgeon ló ń kà á, Sturgeon ló ń dúnàá dúrà. Yousaf kò tíì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣa ìbò jọ rí láti ọ̀dọ̀ ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀. (Ó tún ní àwọn ìtìjú kéékèèké tí àwọn alátakò kò jẹ́ kó gbàgbé. Ìgbà tó ń ṣe mínísítà ìrìnnà gan-an ni wọ́n mú un pé ó wa ọkọ̀ tí kò ní inṣọ́ránsì tó bo òun, tí wọ́n sì bu owó ìtanràn 300 pọ́n-ún fún un.)

Ní oṣù Kejì 2023, Sturgeon kéde pé òun ń lọ lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ lórí àga. Ẹni mẹ́ta ló jáde láti gbapò rẹ̀: Yousaf, Kate Forbes, tó jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó, àti Ash Regan, tó ti fi ìjọba sílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2022 nítorí pé kò fara mọ́ òfin tí yóò mú kó rọrùn fún ènìyàn láti yí akọ tàbí abo padà lórí ìwé ìjọba. Forbes, ọmọ ìjọ Free Church, sọ láìfi bọpo bọyọ̀ pé ká ní òun wà nílé nígbà tí wọ́n ń ṣòfin ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin, òun kò ní dìbò fún un. Iná ràn. Ọ̀pọ̀ àgbà ẹgbẹ́ sá sẹ́yìn Yousaf, ẹni tó ń ṣèlérí pé ọ̀nà tí Sturgeon là ni òun yóò máa tọ̀, pé òun yóò gbé ìjọba London lọ sílé ẹjọ́ nítorí pé wọ́n dí òfin akọ àti abo náà lọ́nà, pé àdéhùn pẹ̀lú Greens kò ní yẹ̀.

Nínú àríyànjiyàn orí tẹlifíṣọ̀n STV, Forbes kọjú sí i, ó to iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún un ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó wà nídìí ìrìnnà, ọkọ̀ ojú irin kì í dé lásìkò. Nígbà tó wà nídìí ìdájọ́, iṣẹ́ wọ àwọn ọlọ́pàá lọ́rùn. Nísinsìnyí tó wà nídìí ìlera, àwọn tó ń tò fún ìtọ́jú kò pọ̀ tó báyìí rí. Kí ló wá dé tó fi rò pé òun yóò ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ bí gbogbo ìjọba bá bọ́ sí òun lọ́wọ́? Ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ gbogbo èyí o. Àwọn Conservative àti Labour kàn gbé e, wọ́n sọ ọ́ dorin fún oṣù mẹ́tàlá.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta 2023, èsì jáde: Yousaf 52.1 nínú ọgọ́rùn-ún, Forbes 47.9. Ó wọlé, àmọ́ díẹ̀ ló kù kó jẹ́ pé ìdajì ẹgbẹ́ ló kọ̀ ọ́. Ohun tí olórí tó bá ní irú èsì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ máa ń ṣe ni kó fa ẹni tó ṣèkejì mọ́ra. Yousaf fi ipò ìgbèríko àti ọ̀gbìn lọ Forbes, ẹni tó ń bọ̀ láti ipò ìnáwó. Ìyẹn kò jọ ẹ̀bẹ̀ rárá, àbùkù ló jọ. Forbes kọ̀ ọ́, ó lọ jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àwọn aṣòfin tí kò nípò. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn tí kò fẹ́ràn Greens nínú SNP ti ní ibi tí wọ́n ń kóra jọ sí láìsí lábẹ́ àṣẹ olórí wọn.

Ní ọjọ́ kejì, ilé aṣòfin fi ìbò 71 yan Yousaf sípò olórí ìjọba: 64 láti SNP, 7 láti Greens. Ó di Mùsùlùmí àkọ́kọ́ tó darí ìjọba Skọ́tlándì, ẹni àkọ́kọ́ níbẹ̀ tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun. Oṣù Ramadan ni. Ó gbé àwòrán kan síta níbi tó ti ń ṣe ìmáàmù fún àwọn ẹbí rẹ̀ nínú Bute House, níbi tí wọ́n jọ ti ṣínu. Ohun yòówù kí ènìyàn rò nípa òṣèlú rẹ̀, ọmọ àlejò Pakistan tó ń kírun ní àárín ilé ìjọba Skọ́tlándì jẹ́ ohun tí bàbá rẹ̀ kò lè fojú inú rí nígbà tó kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Glasgow.

Ọdún kan tó tẹ̀lé e kò fún un ní ìsinmi, n kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn ìbúra, ọlọ́pàá mú Peter Murrell, ọkọ Sturgeon tó ti jẹ́ alákòóso ẹgbẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí ìwádìí lórí owó ẹgbẹ́. Wọ́n mú akápò náà, wọ́n sì mú Sturgeon fúnra rẹ̀ ní oṣù Kẹfà. (Ní oṣù Kẹta 2025 ni ọlọ́pàá sọ fún Sturgeon pé kò sí ẹjọ́ kankan tí wọ́n ní bá a rò.) Ní oṣù Kẹwàá, Labour gba ìjókòó Rutherglen and Hamilton West lọ́wọ́ SNP, ìbò tó yí padà lé ní ogún nínú ọgọ́rùn-ún. Oṣù náà kan náà ni ogun Gaza bẹ̀rẹ̀. Àwọn òbí ìyàwó rẹ̀, Nadia El-Nakla, há síbẹ̀ títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, ó sì ń ṣèjọba pẹ̀lú ìyẹn lọ́kàn. Ìfaradà rẹ̀ nígbà yẹn gba oríyìn lọ́dọ̀ àwọn tí kò jẹ́ yìn ín tẹ́lẹ̀. Àwọn ètò tí Greens fọkàn sí ń wó lọ́kọ̀ọ̀kan: ètò dídá owó padà lórí ìgò àti agolo sún síwájú, wọ́n wọ́gi lé ètò dídí àwọn ibì kan lójú òkun lọ́nà fún apẹja. Nígbà tí Yousaf tún dìde níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ní Aberdeen tó kéde pé owó orí ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà kò ní lé kọ́bọ̀ kan, Greens tó wà nínú ìjọba kò mọ̀ sí i ṣáájú. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ó jọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹwàá náà tí mo fẹ́ kí a dúró tì. Ash Regan, ẹni tó ṣìkẹta nínú ìdíje olórí ẹgbẹ́, fi SNP sílẹ̀, ó sì lọ sí Alba, ẹgbẹ́ tí Alex Salmond di olórí rẹ̀ ní 2021 lẹ́yìn tí àárín òun àti Sturgeon ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. SNP wá ku 63. Àwọn oníròyìn bi Yousaf léèrè, ó sì dáhùn pé kí òun má purọ́, kì í ṣe àdánù ńlá kan fún ẹgbẹ́.

Ẹyin lohùn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn lẹ́nu lọ́jọ́ náà, ó tẹ́ àwọn tí inú ń bí lọ́rùn, kò sì ná an ní nǹkan kan, torí pé pẹ̀lú Greens ó ṣì ní 70 nínú 128 tó ń dìbò. Nígbà tí ìbò bá pọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn, ẹni kan kì í jọ nǹkan. Olórí tó mọ ìṣirò ilé aṣòfin kì bá ti sọ ọ́. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni ì bá sọ, pé ó dun òun, pé ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí. Kò sí ohun tí ìyẹn ì bá ná an náà.

Wàyí o, oṣù Kẹrin 2024. Ní ọjọ́ kìíní oṣù, òfin ìwà ìkórìíra tí Yousaf fúnra rẹ̀ gbé wá nígbà tó wà nídìí ìdájọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ̀sùn tó ju 7,000 lọ sì ya lu ọlọ́pàá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 18 dé, ọjọ́ tí ó dà bíi pé gbogbo wàhálà ti bára wọn ṣe àdéhùn láti pàdé. Màiri McAllan, mínísítà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, kéde nínú ilé pé ìjọba ti gbé àfojúsùn 2030 sílẹ̀. Òfin 2019 ló sọ pé nígbà tí 2030 bá fi máa dé, kí èéfín tó ń ba ojú ọjọ́ jẹ́ ti dín kù ní 75 nínú ọgọ́rùn-ún sí bó ṣe wà ní 1990. Àwọn ògbógi tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn ti sọ ní oṣù kan ṣáájú pé kò sí bó ṣe lè ṣeé ṣe mọ́. Ní ọjọ́ kan náà, ilé ìwòsàn Sandyford ní Glasgow sọ pé òun dá oògùn tó ń dí ìbàlágà lọ́nà dúró fún àwọn ọmọdé tuntun tó bá wá. Ní ọjọ́ yẹn kan náà, wọ́n fi ẹ̀sùn kíkó owó ẹgbẹ́ jẹ kan Murrell.

Ojú ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ akọ-n-babo, ohun méjì tí ọmọ ẹgbẹ́ Greens kò lè gbé mì ni wọ́n kàn án lójú láàárín wákàtí díẹ̀. Wọ́n ní àwọn yóò pe gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ jọ, kí wọ́n dìbò bóyá kí àdéhùn máa bá a lọ. Àdéhùn yìí, tí wọ́n ń fi orúkọ Bute House pè, ni Sturgeon bá wọn fọwọ́ sí ní oṣù Kẹjọ 2021. Òun ló sọ Patrick Harvie àti Lorna Slater, àwọn olórí Greens méjèèjì, di mínísítà, ìgbà àkọ́kọ́ tí Greens yóò wọ ìjọba níbikíbi ní Bìrìtìkó. Yousaf kọ́kọ́ sọ fáyé pé òun fẹ́ràn àdéhùn náà, òun sì nírètí pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Greens yóò dìbò kó dúró.

Kí ló wá yí i lọ́kàn padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan? Ohun tó wà nílẹ̀ kò le láti rí. Bó bá dúró, ìwàláàyè ìjọba rẹ̀ yóò wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn tí kò dìbò fún un, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ìwé ìròyìn yóò fi máa bi í lójoojúmọ́ bóyá wọ́n máa lé e tàbí wọn kò ní lé e. Fergus Ewing àti àwọn mìíràn nínú ẹgbẹ́ ti ń kígbe tipẹ́ pé Greens ń lé àgbẹ̀, apẹja àti òṣìṣẹ́ epo rọ̀bì lọ kúrò lẹ́yìn SNP. Ìbò ilé aṣòfin London ń bọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jáwèé ni yóò dà bí akin. Mo lóye rẹ̀. Ká ní èmi ni olùdámọ̀ràn rẹ̀, bóyá èmi náà ì bá sọ pé kó ṣe é, ṣùgbọ́n n kò ní sọ pé kó ṣe é báyẹn.

Báwo ló ṣe ṣe é? Harvie àti Slater dé Bute House ní àárọ̀ kùtù, ó sọ fún wọn pé ó parí, ó wọlé bá àwọn mínísítà rẹ̀ yòókù, ó jáde sí àwọn akọ̀ròyìn. Ó ní àdéhùn náà ti ṣe iṣẹ́ tó wá ṣe. Ó ní òun fẹ́ kí ìjọba tó kéré sí ìdajì ilé máa bá gbogbo ẹgbẹ́ ṣe pọ̀ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò bá Greens sọ ọ̀rọ̀ kankan ṣáájú lórí ohun tí wọn yóò ṣe bí ẹnikẹ́ni bá gbé àbá wá pé ilé kò fọkàn tán an mọ́. Slater jáde, ó pè é ní ìwà ojo. Ní ọ̀sán, nígbà ìbéèrè tó máa ń wáyé ní Ọjọ́bọ̀, Harvie bi í nínú ilé pé ta ni inú rẹ̀ dùn jù lónìí nínú Douglas Ross, Fergus Ewing àti Alex Salmond. Ross, olórí Conservative, kò fi àkókò ṣòfò. Ó kéde nínú ìjókòó kan náà pé òun yóò gbé àbá àìfọkàntán wá lórí Yousaf. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Greens ní àwọn yóò tì í lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká ka ìbò náà bí ó ṣe yẹ kí wọ́n ti kà á ní alẹ́ Ọjọ́rú. Aṣòfin 129 ló wà. Alison Johnstone, abẹnugan ilé, kì í dìbò àyàfi bí ìbò bá dọ́gba. Ó ku 128. SNP ní 63. Conservative 31, Labour 22, Greens 7, Liberal Democrat 4, Alba 1: ìyẹn 65. Bí gbogbo alátakò bá pawọ́ pọ̀, Yousaf ṣubú pẹ̀lú ìbò méjì. Bí Greens bá tilẹ̀ jókòó láìdìbò, yóò yè é. Bí ẹni kan ṣoṣo láti Alba bá sì bọ́ sápá ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò di 64 sí 64, abẹnugan yóò sì dìbò kí nǹkan dúró bó ṣe wà, torí pé bí àṣà ilé náà ṣe rí nìyẹn. Ẹni kan ṣoṣo náà ni Ash Regan.

Ó tọ́ kí a ṣàlàyé ohun kan tí ọ̀pọ̀ ìròyìn fò. Àbá tí Ross gbé wá, Yousaf nìkan ló kàn. Òfin kò sọ pé kó lọ bí wọ́n bá fi ìbò bẹ́ẹ̀ bá a wí. Ìtìjú ni yóò lé e. Ṣùgbọ́n Sarwar àti Labour gbé èkejì wá, tí èyí sì kan gbogbo ìjọba. Bí èyíinì bá wọlé, òfin Skọ́tlándì ti 1998 sọ pé gbogbo mínísítà gbọ́dọ̀ fipò sílẹ̀, ilé yóò sì ní ọjọ́ 28 láti yan olórí tuntun, bí kò bá rí i yàn, gbogbo ìlú yóò tún ìbò dì. Àbá méjì, ìtumọ̀ méjì. Greens ṣe tán láti dìbò fún àkọ́kọ́. Wọn kò fẹ́ èkejì rárá. Ibẹ̀ lọ̀nà àbáyọ wà, àmọ́ kì í ṣe ọ̀nà àbáyọ fún Yousaf: bó bá lọ, ẹgbẹ́ yóò wà nípò.

Ọjọ́ Ẹtì, ó fagi lé ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ ní Glasgow, ó lọ sí Dundee láti sọ̀rọ̀ nípa ilé gbígbé, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bi í pé òun kò ní fipò sílẹ̀. Ó kọ lẹ́tà sí àwọn olórí ẹgbẹ́ gbogbo pé kí wọ́n wá kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀. Harvie ní kò sí ohun tí yóò yí òun padà. Ta ni yóò dá a lẹ́bi? Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ wọ́n lé e jáde láìjẹ́ kó jókòó, lọ́jọ́ Ẹtì wọ́n ń pè é wá sídìí tábìlì.

Regan ní tirẹ̀ dáhùn. Ó fẹ́ mọ ohun tí yóò ṣe lórí òmìnira Skọ́tlándì, lórí ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin àti ọmọdé, àti lórí ìjọba tó mọṣẹ́. Ohùn tó fi kọ ọ́ kò le. Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn mọ̀ pé Salmond ló jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin tí SNP ti lo ọdún mẹ́ta láti máa sọ pé àwọn kò bá a ṣe mọ́ ni ìjọba SNP yóò máa tọ̀ lọ bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, torí pé ìbò ọjọ́ kan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Gbogbo àbádòfin, gbogbo ètò ìnáwó títí di 2026 ni. Nínú ẹgbẹ́, àwọn tó ti dúró ti Yousaf láti ọjọ́ Forbes ni ara wọn kọ́kọ́ bù máṣọ. Àwọn ọmọ Sturgeon ni wọ́n. Wọ́n lè fara da kí Greens lọ. Kí Salmond wọlé, rárá o.

Bí ó ṣe há nìyẹn láàárín àwọn tó ti lé, ẹni tó ti bú, àti àwọn tó ṣẹ́kù tí kò fẹ́ kó bẹ ẹni tó bú.

Ní ọ̀sán Ajé, ọjọ́ 29, ó jáde ní Bute House, Nadia wà nítòsí. Ó ní òun kò ṣe tán láti ta ìlànà àti ohun tí òun gbà gbọ́, tàbí láti bá ẹnikẹ́ni ṣáá ṣàdéhùn, kí òun lè wà nípò. Ó gbà pé òun kò díwọ̀n bí ohun tí òun ṣe yóò ṣe dun àwọn Greens tó. Ó ní ẹlòmíràn ló lè tún àárín náà ṣe. Ohùn rẹ̀ yí padà nígbà tó dé orí ọ̀rọ̀ ẹbí rẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ olórí tó ń fipò sílẹ̀ tó ń di ẹ̀bi ru ẹni gbogbo. Èyí di tirẹ̀ ru ara rẹ̀, ó sì yẹ ká kà á sí i lọ́rùn ní rere.

Ṣé ọ̀nà mìíràn wà? Ó wà, inú ìtàn ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an ló sì wà. Ní 2007, Salmond di olórí ìjọba pẹ̀lú aṣòfin 47 péré. Ìbò 49 ló fi wọlé, méjì tó fi kún tirẹ̀ sì jẹ́ ti Greens: Robin Harper àti Patrick Harvie. Harvie kan náà yìí. Kò di mínísítà nígbà náà, àdéhùn kékeré ni wọ́n ṣe, wọ́n fún un ní alága ìgbìmọ̀ kan nínú ilé, ọdún mẹ́rin gbáko sì ni Salmond lò, ó ń gba ìbò lọ́dọ̀ Conservative lónìí, lọ́dọ̀ ẹlòmíràn lọ́la. Nítorí náà, kì í ṣe pé kò sí bí ìjọba tí kò ní ìdajì ilé ṣe lè dúró. Ohun tí Salmond ṣe ni pé ó dúnàá dúrà kó tó wọ ọjà. Yousaf lè sọ fún Harvie àti Slater ní ọjọ́ Ajé pé ọ̀rọ̀ yìí kò lè lọ mọ́, kí wọ́n jọ kéde rẹ̀, kí wọ́n jọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ẹ̀yin bá tilẹ̀ kúrò nípò, ẹ kò ní dìbò pa ìjọba. Wọ́n lè kọ̀. Ṣùgbọ́n òun ì bá mọ̀ pé wọ́n kọ̀, nígbà tí 70 ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún, àbá Labour lòdì sí gbogbo ìjọba dé iwájú ilé. Ìbò 58 fara mọ́ ọn, 70 kọ̀ ọ́. Greens, tí ì bá rẹ́ Yousaf lọ́rùn ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ni wọ́n dìbò kí ìjọba rẹ̀ má ṣubú.

John Swinney, tó ti jẹ́ olórí ẹgbẹ́ láàárín 2000 sí 2004 tí kò sì wú àwọn ènìyàn lórí nígbà náà, ló gba àga láìsí ìdíje. Kó tó kéde ara rẹ̀ tán, ó ti bá Kate Forbes sọ̀rọ̀. Forbes kò jáde dupò. Swinney fi í ṣe igbákejì olórí ìjọba, ipò tó ga ju gbogbo èyí tí Yousaf fi lọ̀ ọ́. Nígbà tí ilé dìbò fún Swinney ní ọjọ́ keje oṣù Karùn-ún, ó ní ìbò 64, àwọn Greens méje sì jókòó láìdìbò, èyí tí Yousaf ì bá fi yè é. Ìbò ilé aṣòfin London ní oṣù Keje fi bí ilé ṣe bàjẹ́ tó hàn: SNP tó gba ìjókòó 48 ní 2019 gba 9. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi ọjọ́ márùn-ún nìkan. Ní oṣù Kejìlá 2024, Yousaf sọ pé òun kò ní dupò aṣòfin mọ́ ní 2026.

Swinney kò bá Greens tún àdéhùn kankan ṣe. Kò fún wọn ní mínísítà. Nígbà tí ètò ìnáwó ọdún tuntun dé iwájú ilé ní oṣù Kejì 2025, ó ti bá wọn jókòó fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó ti bá Liberal Democrat náà jókòó, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ti mọ ohun tó gbà nínú rẹ̀ kí agogo ìbò tó lù. Ó kọjá. Labour, tí kò lè dá a dúró mọ́, jókòó láìdìbò.